Ẹ̀yáwó Orí Fóònù àti Ìwé Àjẹṣẹ́kù Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akọ̀wé àti akápò ní ìpàdé lóríṣiríṣi, òun ni pé àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ kò fẹ́ dúró de ìpàdé oṣooṣù mọ́ kí wọ́n tó yá owó. Wọ́n ní fóònù ń yá àwọn lówó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí onídùúró, láìsí pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè. A rò pé ó yẹ kí a la ọ̀rọ̀ yìí yé ara wa, kí á mọ ohun tí ó wà nídìí rẹ̀, kí á sì mọ ohun tí àwa náà yóò ṣe.

Báwo ni fóònù ṣe mọ ẹni tí yóò san gbèsè?

Ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá lo fóònù rẹ̀, ipasẹ̀ ni ó ń fi sílẹ̀: iye owó tí ó fi ra káàdì ìpè, ìgbà tí owó wọlé sí báńkì rẹ̀, ìgbà tí ó jáde, àti ibi tí ó máa ń wà. Bí a bá kó ipasẹ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn jọ sójú kan, tí a sì ní kí kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, yóò rí bí ìwà àwọn tí ń san gbèsè ṣe yàtọ̀ sí ti àwọn tí kì í san. Àkójọ rẹpẹtẹ bẹ́ẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ń pè ní big data. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti ń fún olúkúlùkù ní máàkì, bí olùkọ́ ti ń fún ọmọ iléèwé, máàkì náà ni ó sì ń sọ iye tí wọn yóò yá a.

Orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà wà lára àwọn tí ó ti fi èyí han ayé. Ní 2007, ilé-iṣẹ́ Safaricom bẹ̀rẹ̀ M-PESA níbẹ̀, ètò fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ní 2012, Safaricom àti Commercial Bank of Africa pawọ́ pọ̀ dá M-Shwari sílẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé ilé, tí kò sì ní ìwé owó oṣù, lè yá owó kékeré níbẹ̀, nítorí pé bí ó ti ń lo fóònù àti bí ó ti ń fi owó ránṣẹ́ ni báńkì ń wò. Nígbà tí ọ̀ràn náà dé Nàìjíríà, àwọn ayánilówó orí fóònù pọ̀ bí eéṣú. Àwọn báńkì ńlá rí i pé oníbàárà fẹ́ bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́, ni àwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo owó oṣù tí ó ń wọlé sí àkáǹtì ènìyàn, tí wọ́n sì ń yá a lówó lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró, ayé á fi í sílẹ̀ lọ.

Ológò ti padà dé

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣí ojú wa. Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá jẹ gbèsè tí kò san, ológò ni wọ́n ń rán sí i. Yóò dógò tì í nílé, yóò máa pariwo, yóò máa bú u lójú aládùúgbò, títí ìtìjú yóò fi mú un san. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni àwọn kan nínú ayánilówó orí fóònù ṣe. Wọ́n kó nọ́ńbà gbogbo ènìyàn tí ó wà nínú fóònù ẹni tí ó yá owó, nígbà tí kò san, wọ́n ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ àti àlùfáà rẹ̀ pé olè ni.

Ìjọba kò dákẹ́. Ní 2021, NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ kan lórí nítorí irú ìwà yìí. Ní oṣù kẹta 2022, FCCPC àti àwọn àjọ mìíràn ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan ní Èkó, nígbà tí ó sì di oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ jáde. Ní 2023, Google ka fífi ọwọ́ kan nọ́ńbà àti àwòrán inú fóònù ẹni tí ń yá owó léèwọ̀ fún wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kan náà ni òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà di òfin.

Ẹ wo ti èlé pẹ̀lú. Ká ní ènìyàn yá ₦10,000, tí yóò san ₦11,500 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2. Ó dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń san án tí ó sì ń tún un yá títí ọdún fi pé, ìgbà 26 ni yóò san ₦1,500, ìyẹn ₦39,000 èlé lórí ₦10,000. Nínú ẹgbẹ́ tí ń gba náírà 1 lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, èlé ọdún kan lórí iye yẹn kò lè ju ₦1,200 lọ. Sogúndogójì gan-an nìyí, ó kàn wọ aṣọ tuntun ni. Kí òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó dé ní 1935, àgbẹ̀ kòkó ń fi oko rẹ̀ dúró lọ́wọ́ olówó èlé. Nítorí irú ìyà bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa ṣe fi ara mọ́ ẹgbẹ́.

Kí ni àwa ní?

A kò gbọdọ̀ tan ara wa. Ìdí tí ọmọ wa fi ń sá tọ fóònù ni pé àwa ń pẹ́. Bí ọmọ ẹnìkan bá ń ṣàìsàn ní òru, kò lè dúró de ọjọ́ Sátidé kejì oṣù. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wà nínú àpótí tí eku ti ń jẹ ẹ́.

Síbẹ̀, a ní ohun tí fóònù kò ní. Obìnrin tí ń ta èlùbọ́ lọ́jà, tí owó bébà ni ó ń gbà, kò ní ipasẹ̀ lórí fóònù, máàkì òdo ni kọ̀ǹpútà yóò fún un. Ṣùgbọ́n nínú ìwé wa, ọdún 10 nìyí tí kò pa oṣù kan jẹ. Ìwé àjẹṣẹ́kù náà ni big data tiwa. Nítorí náà, a dá àbá mẹ́rin:

1. Kí a máa kọ ìwé pé: ọjọ́, iye, onídùúró, àti ọjọ́ tí a san án. Àkọsílẹ̀ tí kò pé máa ń ṣi ni lọ́nà, ìbáà wà nínú ìwé, ìbáà wà nínú kọ̀ǹpútà.

2. Kí ẹgbẹ́ tí ó bá lágbára kó ìwé rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀dà kejì sì wà níbòmíràn. Ẹni tí ó bá ta ètò kọ̀ǹpútà fún wa kò gbọdọ̀ gbé orúkọ àti owó ọmọ ẹgbẹ́ fún ẹlòmíràn. Kí èyí wà nínú àdéhùn tí a tọwọ́ bọ̀.

3. Kí ìpàdé gbogbogbòò fọwọ́ sí owó pàjáwìrì, tí kò ju àjẹṣẹ́kù ọmọ ẹgbẹ́ lọ, tí alága, akọ̀wé àti akápò lè fi sílẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

4. Kí ọmọ ẹgbẹ́ mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Lábẹ́ òfin 2023, ó lè béèrè ohun tí a kọ nípa rẹ̀, kí ó sì ní kí a tún un ṣe bí ó bá ṣì. Ó sì lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ẹ̀rọ nìkan má dá ẹjọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè gba ìgbìmọ̀ nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ni yóò pinnu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí ka orí tábìlì ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ sọ tẹnu wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ọ̀dọ́ bá mọ kọ̀ǹpútà, tí àgbà sì mọ ènìyàn, ẹgbẹ́ wa kò ní parun.