Ilẹ̀ Rírà fún Èrè: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùbẹ̀rẹ̀ Mọ̀

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ni a pé jọ láti sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi owó iṣẹ́ ogún ọdún ra ilẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n ti mọ ilé dé ojú fèrèsé, kí wọ́n tó gbọ́ pé a ti ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn ṣáájú wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ fi ilé wá èrè, kí ó má ṣe fi bíríkì bẹ̀rẹ̀; ìwádìí ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo wòlíì Jeremáyà, ní orí 32 ìwé rẹ̀. Ó ra oko kan ní Ánátótì lọ́wọ́ ìbátan rẹ̀ ní ṣékélì fàdákà 17. Ó wọn owó náà lójú àwọn ẹlẹ́rìí, ó kọ ìwé, ó fi èdìdì dì í, ó sì mú kí a fi í pamọ́ sínú ìkòkò amọ̀. Ìbátan ni olùtà, síbẹ̀ wòlíì náà kò fi ìbátan dípò ìwé.

Èkíní, ẹ bèèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnìkan. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìdí èyí múlẹ̀ ní ọdún 1921 nínú ẹjọ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó. Bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ tà láìsí àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè mú kí ilé-ẹjọ́ fagi lé e. Bí àwọn wọ̀nyí bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò dúró rárá. Nítorí náà, ẹ gba ìfọwọ́sí olórí ẹbí àti ti àwọn àgbà ìdí kọ̀ọ̀kan.

Èkejì, ẹ mú àwòrán ilẹ̀ tọ awọnlẹ̀ lọ, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀. Ẹ yẹ ìwé ìjọba wò kí ẹ tó san owó. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà; ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ tí ó ti ní ìwé-ẹ̀rí ìjọba gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣírò. Ká ní ilé kan gba 20,000,000 náírà, tí owó ilé sì jẹ́ 1,200,000 lọ́dún. Lójú ẹni tí ń kánjú, owó náà yóò padà láàárín ọdún 17. Ṣùgbọ́n bí yàrá bá ṣófo fún oṣù méjì, 200,000 lọ; bí àtúnṣe àti owó orí ilé bá gba 300,000, ó ku 700,000. Ó ju ọdún 28 lọ kí owó náà tó padà. Ǹjẹ́ ó ha yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yá owó èlé kọ́lé bí?

Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Owó tí a kò tíì san ṣì wà lọ́wọ́ wa. Èyí tí a bá ti san tán, ilé-ẹjọ́ nìkan ni a óò máa wá a lọ.