Baba Gbà Á Lọ́mọ, Ìwé Ńkọ́?

Ní Komu, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri Òkè-Ògùn, baba tó bá sọ ọmọ lórúkọ níṣojú ẹbí ti gbà á ní tirẹ̀. Àṣà kì í wádìí bóyá ó gbé ìyá ọmọ náà níyàwó kí ogún tó kàn án.

Ilé ẹjọ́ kò fi ìgbà gbogbo rí i bẹ́ẹ̀. Ní 1955, nínú ẹjọ́ Alákè àti Pratt, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ọmọ ìyàwó alárédè pín ogún. Ní 1960, nínú ẹjọ́ Cole àti Akínyẹlé, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ̀ fún ọmọ tí baba bí síta nígbà tí ìyàwó alárédè ṣì wà nílé. Ìwé òfin 1979 ló yí èyí padà. Ti 1999, ní abala 42(2), sì tún un sọ pé a kò gbọ́dọ̀ tìtorí irú ìbí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀tọ́ dù ú.

Ẹ̀rí ló wá kù. Àwọn tó jẹ oyin àti iyọ̀ ìsọmọlórúkọ ń kú, ọmọ náà ni yóò sì fi hàn pé baba gba òun. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé 2003, tí Ọ̀yọ́ sọ di tirẹ̀ ní 2006, mọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò kéré, baba sì lè ti kú.

Ó yẹ kí òfin ìpínlẹ̀ jẹ́ kí baba àti ìyá lè fọwọ́ sí ìwé ìgbàlọ́mọ ní kóòtù ìbílẹ̀. Títí dìgbà náà, ẹ̀yin òbí, ẹ jọ lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì hàn níbẹ̀.