Abọ́ ìyá àgbà dọjà: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó rà á o!

Bí wọ́n bá dárúkọ Agodi Gate n'Ìbàdàn, pààtì mọ́tò ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí èèyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pààtì nìkan ni wọ́n ń rà ní àlòkù. Abọ́ tánganran táwọn ìyá wa fi ṣẹrù ìyàwó wà ńbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Pyrex tí iléeṣẹ́ Corning kọ́kọ́ gbé jáde n'Amẹ́ríkà lọ́dún 1915.

Ẹni tó mojú ọjà kì í sáré sanwó. Á yí abọ́ po, á wo ìdí ẹ̀. Èyí tó bá ti bó tó sì ti dógùn-ún, ẹ fi sílẹ̀. Òdòdó ara àwo àtijọ́ gan-an, ẹ ṣọ́ ọ: òjé máa ń wà nínú ọ̀dà àwọn mìíràn, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Bó bá wù yín, ẹ gbé e sí pálọ̀. Ẹ má fi bu ọbẹ̀ fọ́mọ o!