Bí Ìbàdíàrán Ṣe Di Orúkọ Àbúrò Ọkọ

Ní àwọn agbo ilé àtijọ́ ní Ìjigbò àti Ìrọ̀nà l'Adó-Èkìtì, a ṣì lè rí ìyá arúgbó tó ń pe bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ní Akúrúyẹjó, tí bàbá náà yóò sì dáhùn tayọ̀tayọ̀. Orúkọ yẹn kò sí nínú ìwé ìrìbọmi rẹ̀. Ìyá àti bàbá tó bí i kọ́ ló sì sọ ọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún un nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, tí bàbá yìí ṣì jẹ́ ọmọdékùnrin tó ń sáré kiri àgbàlá.

Èèwọ̀ ló bí irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó, ùyàwó lẹ́nu àwa Èkìtì, kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nínú ilé ọkọ. Kì í ṣe bàbá ọkọ àti ìyá ọkọ nìkan o. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó ti di ẹ̀gbọ́n ìyàwó, nítorí ọjọ́ tí kálukú wọlé ni wọ́n fi ń ka àgbà. Ọmọ ilé wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ìyàwó wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, kọ nípa ètò àgbà yìí ní 1942. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí náà tún un gbé yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀, The Invention of Women, ní 1997. Kìkì àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí lẹ́yìn tí ìyàwó ti dé ni ó lè dárúkọ.

Báwo ni yóò ṣe wá pe èèyàn nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́? Ó lè sọ pé “ọkọ mi,” nítorí ọmọ ilé lọ́kùnrin lóbìnrin ni ọkọ ìyàwó. Ṣùgbọ́n bí ọkọ bá pé mẹ́wàá nínú ilé, èwo ni kó dáhùn? Ojú ló fi ń ṣiṣẹ́. Yóò wo ọmọbìnrin tí ìlẹ̀kẹ̀ jókòó sí nídìí, tó jẹ́ pé bó bá ró aṣọ àrán, gbogbo ọjà ni yóò wo ẹ̀yìn. Ìyẹn di Ìbàdíàrán. Èyí tó ga, tí aṣọ wù lára rẹ̀, di Agùntáṣọọ́lò. Èyí tó dúdú, tí ara rẹ̀ ń dán, di Adúmáadán. Èyí tí eyín rẹ̀ tò, tó mú kí ẹ̀rín yẹ ẹnu, di Eyínmẹ́nugún. Ìyá ọkọ ń fetí sí gbogbo rẹ̀ láti ìdí ààrò, nítorí náà orúkọ àbùkù kò gbọdọ̀ yọ. Ohun tó wà lára ọmọ ilé tó wu èèyàn ni ìyàwó gbọ́dọ̀ wá rí.

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú àṣà náà. Ẹni tí wọn kò gbà láyè láti dárúkọ ni wọ́n wá fún ní àṣẹ láti sọ èèyàn lórúkọ, orúkọ náà sì ń bá olúwarẹ̀ dọ́jọ́ alẹ́.

Ilé-ìwé dé, orúkọ náà yí. Láti ìgbà tí Archdeacon Henry Dallimore ti dá Christ's School sílẹ̀ l'Adó ní 1933, ọmọ ilé tó mú bíírò lọ́wọ́ kò ṣọ̀wọ́n mọ́, Akọ̀wé àti Tísà sì jẹ́ orúkọ iyì lẹ́nu ìyàwó. Bọ̀dá, Sístà, Àǹtí àti Ọ́ńkù náà ti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì wọlé. N kò kórìíra wọn, ṣùgbọ́n Àǹtí ni olùkọ́, Àǹtí ni ẹni tó ń ta tòmátò. Orúkọ náà kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ wa gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n fi ìlú tàbí iṣẹ́ kún un, ó di Dádì Èkó, Mọ́mì Ìkéré, Ìyá Aláṣọ.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó àti ètò àgbà yìí kọjá òkun pẹ̀lú. Ní Kúbà, níbi tí èdè Spéènì ti pàdé tiwa, iyawó ni wọ́n ń pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òrìṣà, ì báà ṣe ọkùnrin. Ọdún kan àti ọjọ́ 7 ni yóò fi wọ aṣọ funfun, orúkọ àbísọ rẹ̀ kì í sì í sábà jáde lẹ́nu ará ilé òrìṣà. Ní Brazil, iaô ni wọ́n ń pè é. Bó bá pé ọdún méje, tó sì ṣe ètùtù tó yẹ, ó di ebômi, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Ilé Axé Opó Afonjá, ilé òrìṣà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Salvador ní 1910. Ọjọ́ tí èèyàn wọlé ni wọ́n fi ń ka àgbà lọ́hùn-ún náà.

Ní Adó lónìí, ọ̀pọ̀ ìyàwó kì í bá ẹbí ọkọ gbé agbo ilé kan náà mọ́. Ilé tí wọ́n háyà ní Adébáyọ̀ tàbí Bàsírì ni wọ́n ń gbé, àlejò sì ni àbúrò ọkọ níbẹ̀. Síbẹ̀, mo mọ ìyàwó kan ní Adébáyọ̀, nọ́ọ̀sì ni, tó kọ Eyínmẹ́nugún sórí nọ́ńbà àbúrò ọkọ rẹ̀ nínú fóònù. Kánádà ni ọmọbìnrin náà wà. Bó bá pè lálẹ́ Sátidé, àwọn ọmọ inú ilé ló máa ń kọ́kọ́ gbé fóònù, wọn a sì pariwo pé, “Mọ́mì, Àǹtí Eyínmẹ́nugún ni o!”