Ìgbà wo ló yẹ kẹ́ ẹ lọ sí Ifẹ̀?
Ẹ̀yin ará Àlímọ̀ṣọ́! Ìgbà wo ló dáa jù láti lọ wo Ilé-Ifẹ̀ àti ọgbà OAU? Tèmi ni Oṣù Kọkànlá. Òjò ti ń dáwọ́ dúró, ọyẹ́ ò tíì mú, ewéko ọgbà ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ní Oṣù Keje, òjò lè há yín mọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòtún, ẹ ò tíì rí Berger o!

Tó bá jẹ́ Ọlọ́jọ́ lẹ fẹ́ wò, níbi tí Ọọ̀ni ti ń dé adé Àrè, ìparí Oṣù Kẹsàn-án sí Oṣù Kẹwàá ni. Ẹ tètè wá ibi tẹ́ ẹ máa sùn.

Kẹ́ ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti wọlé. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ.