Igi Tìrẹ, Àṣẹ Káńsù

Ọmọ Yorùbá tó bá ra ilé sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ilé náà sì ní ọgbà lẹ́yìn, yóò gbà pé òun lòun ni gbogbo igi tó wà níbẹ̀. Òótọ́ ni. Bí ẹ̀ka bá ya lu mọ́tò ará ilé kejì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ wá. Síbẹ̀, bó bá gé igi ọ̀hún láìbéèrè, káńsù lè bá a dé kóòtù.

Òfin ìṣètò ìlú ti ọdún 1990 ló fún àwọn káńsù ilẹ̀ England lágbára láti kọ ìwé ìdáàbòbò lé igi lórí. Òṣìṣẹ́ kan sábà máa ń wà ní káńsù tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ igi ni iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá dé ìdí igi, kò béèrè ẹni tó ni ín. Ohun tó ń wò ni pé bí igi yìí bá lọ, ṣé ará àdúgbò á mọ̀ ọ́n lára? Ìdí nìyí tí igi tó yọrí sí títì fi ń tètè rí ààbò ju èyí tó fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ lọ. Onílé ní ọjọ́ 28 láti ta ko ìwé náà, káńsù sì ní oṣù mẹ́fà láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ gé irú igi bẹ́ẹ̀, tàbí tó kàn fẹ́ rẹ́ ẹ lọ́wọ́, á kọ fọ́ọ̀mù. Kò ní san kọ́bọ̀. Káńsù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti fèsì. Pé ewé ń dí gọ́tà kì í sábà tó àwíjàre.

Ibi tí ìjà ti ń le ni ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ ilé. Orí amọ̀ ni apá tó pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù jókòó lé. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀ nígbà ooru, amọ̀ á súnkì, gbòǹgbò igi ńlá á tún fa ìwọ̀nba omi tó kù, ìpìlẹ̀ á rì, ògiri á sì sán. Ilé iṣẹ́ adójútòfò kò ní fẹ́ máa tún ògiri ṣe lọ́dọọdún, wọ́n á ní kí wọ́n gé igi. Òṣìṣẹ́ káńsù á ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá: irú erùpẹ̀ tó wà níbẹ̀, igi tó ni gbòǹgbò tí wọ́n hú jáde, bí ojú ibi tó sán ṣe ń fẹ̀ sí i. Bó bá kọ̀, tí àdánù tó tìdí rẹ̀ wá sì tó pọ́n-ùn 500, onílé lè béèrè owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ káńsù láàárín oṣù 12. Lójú tèmi, ibí yìí ni òfin náà ti gbọ́n jù: ẹni tó ní kí igi dúró nítorí ará ìlú, kó fi owó ìlú dúró tì í.

Ní agbègbè tí wọ́n ń dá àwọn ilé àtijọ́ rẹ̀ sí, bíi Rye Lane ní Peckham tí àwọn èèyàn wa ti ń ra iṣu, òfin tún yàtọ̀. Igi tí wọn kò kọ ìwé kankan lé lórí pàápàá, bí ìtì rẹ̀ bá fẹ̀ ju mìlímítà 75 lọ ní mítà kan ààbọ̀ sókè láti ilẹ̀ (ìyẹn kò ju ẹnu ife tíì lọ), ẹ gbọ́dọ̀ fi tó káńsù létí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Káńsù kò lè wí pé rárá. Àfi kó yára kọ ìwé ìdáàbòbò lé e, tàbí kó wò ó níran.

Igi tó ti kú kò nílò àṣẹ, ìfitónilétí ọjọ́ márùn-ún ti tó. Èyí tó fẹ́ wó lu èèyàn kò lè dúró de fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó gbé ayùn, torí ẹni tó gé e ló máa fi ẹ̀rí hàn pé ewu wà.

Owó ìtanràn fún ẹni tó pa igi tí ìwé ìdáàbòbò wà lórí rẹ̀ kò ní gbèdéke. Òfin tún ní kí adájọ́ ro èrè tí ẹni náà máa jẹ níbẹ̀ mọ́ ọn, nítorí àwọn akọ́lé tó ń gé igi kí àyè lè gba ilé kan sí i.

Lọ́yà tó ń bá èèyàn ra ilé lè rí ìwé ìdáàbòbò náà nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ti àdúgbò náà. Ẹ ní kó wò ó dáadáa, torí bí ẹni tó ta ilé bá ti gé igi náà láìgbàṣẹ, ọrùn ẹni tó rà á ni gbígbin òmíràn máa bọ́ sí.