Bí Ẹ Bá Ń Kó Ọmọ Lọ Wo Omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà

Ìsinmi àwọn ọmọ ilé-ìwé tún ti dé tán, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò kó ọmọ sínú mọ́tò lọ wo omi tí ń já bọ́ láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni àwọn ìyá tí ń wá sí dísípẹ́ńsárì wa ti ń bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, kí ni kí a mú dání?" Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n èyí tí èmi yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé, ta ni ẹ ń mú lọ? Bí a bá ti mọ irú ara tí ẹni náà ní, a ó mọ ohun tí a ó dì sínú àpò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibẹ̀ fún àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí. Olúmirin ni orúkọ omi náà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ó wà, kò sì jìnnà sí ọ̀nà tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́. Ìpele méje ni wọ́n ń ka omi náà sí. Ìpele kìíní kò le, ọmọdé àti àgbà lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sí. Láti ibẹ̀ lọ sókè ni ọ̀nà ti ń ga tí ó sì ń le. Níbòmíràn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ènìyàn yóò fi gùn ún. Òkè Ìdánrè yàtọ̀ sí èyí, nítorí pé àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni wọ́n ṣe sí ara òkè náà, pẹ̀lú ibi ìsinmi lójú ọ̀nà. Orí òkè yẹn ni àwọn ará Ìdánrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àwọn ìyá ìyá wọn ń fi orí ru ẹrù gun ibẹ̀, àwa sì nìyí, bí a bá gun àtẹ̀gùn 100 péré, a ó di àyà mú.

Ìdí tí mo fi ń béèrè ẹni tí ẹ ń mú lọ nìyí. Ní ọdún 2017, ní alẹ́ ọjọ́ Ajé Ọdún Àjíǹde, wọ́n gbé ọmọkùnrin ọmọ ọdún 11 kan wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ó bá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ kan lọ wo omi yìí ni. Ọmọ náà ń ké, ó di itan rẹ̀ méjèèjì mú, ẹ̀yìn ń ro ó, ara rẹ̀ gbóná, ẹyinjú rẹ̀ sì ti di àwọ̀ ìyeyè. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń fi ìró nu ojú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé SS ni. N kò sọ fún àwọn tí ó kó wọn lọ. Bí mo bá sọ, wọn kì bá tí mú un, ó sì ti ń sunkún láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé òun náà fẹ́ rí omi." N kò bá a wí. Bí ọmọ bá ń ké, tí ìyá náà ń ké, nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ ṣe ẹnì kẹta wọn.

Nígbà tí ara ọmọ náà rọ̀ díẹ̀, mo bi í bí ọjọ́ náà ti lọ. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n gbéra. Kò mu omi nínú mọ́tò, nítorí pé ojú ń tì í láti sọ pé òun fẹ́ tọ̀. Bí wọ́n ti dé, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré gun òkè dé ìpele kẹta. Ó bọ́ sábẹ́ omi, ó sì tó nǹkan bí wákàtí kan níbẹ̀. Ẹ̀wù tútù náà ni ó wọ̀ padà sínú mọ́tò, wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i lára títí wọ́n fi délé.

Ẹ wò ó: òùngbẹ, àárẹ̀, omi tútù, atẹ́gùn. Kò sí èyí tí yóò pa ọmọ tí ara rẹ̀ le lára nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n nínú ara ẹni tí ó ní àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde, àwọn hóró kékeré tí ó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa kò dúró róbótó bí ó ti yẹ. Bí wọn kò bá rí afẹ́fẹ́ tí ó tó, wọ́n á tẹ̀ bí dòjé, wọ́n á sì le. Bí omi bá dín nínú ara, ẹ̀jẹ̀ á ki. Bí òtútù bá mú ara, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún. Bí ènìyàn bá sáré gun òkè, ẹran ara á máa bèèrè afẹ́fẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn hóró tí ó tẹ̀ yìí á wá há sínú iṣan tóóró, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá, egungun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ni ó sì ń ké nínú ọmọ yẹn. Kì í ṣe pé òrìṣà inú omi mú un, bí ìyá-ìyá rẹ̀ ti ń sọ ní ẹnu ọ̀nà wa.

A fi aṣọ bò ó, a fún un ní omi mu àti oògùn tí ń dín ìrora kù, ṣùgbọ́n nítorí ibà tí ó wà lára rẹ̀, òru náà ni a fi ránṣẹ́ sí ọsibítù ńlá. Ibà lára ọmọ SS kì í ṣe ohun tí a ń dúró de òwúrọ̀ fún. Ọjọ́ márùn-ún ni ó lò níbẹ̀.

Ǹjẹ́ mo wá ń sọ pé kí ẹ ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́lé? Rárá o. Ọmọ tí a bá ń tì mọ́lé ni ó ń jí rìn. Ẹ mú un lọ, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tí yóò ṣáájú wọn. Kì í ṣe ìtìjú. Kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi láti ilé, kí ó máa mu ún nínú mọ́tò, kí olùdarí sì dúró fún un bí ó bá fẹ́ tọ̀. Ìpele kìíní tó fún un. Kí ó jókòó, kí ó wo omi, kí ó fi ọwọ́ kàn án bí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí ó má bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí omi bá ta sí i lára, kí ó pààrọ̀ aṣọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nítorí náà aṣọ gbígbẹ àti súwẹ́tà gbọdọ̀ wà nínú àpò rẹ̀. Bí ìrora bá bẹ̀rẹ̀, kí ó sinmi, kí ara rẹ̀ móoru, kí ó mu omi, kí ó sì lo oògùn ìrora tí dókítà ti fún un. Ẹ má fi ohun tútù lé ibi tí ń ro ó. Bí ara bá gbóná, tàbí àyà ń dùn ún, tàbí mímí ń nira, tàbí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ lójijì, ọsibítù ni, kì í ṣe ilé.

Àwọn kan yóò béèrè nípa AS. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin nínú wa ní Nàìjíríà ni AS, wọn kì í sì í ṣe aláìsàn. Kí wọ́n mu omi dáadáa, kí wọ́n má fi ìdíje gun òkè, ó parí.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ lo oògùn yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo ti rí àwọn tí ó fò ó kí ìtọ̀ má baà máa yọ wọ́n lẹ́nu lójú ọ̀nà. Bí àyà bá fún yín tàbí tí òyì bá ń kọ́ yín, ẹ jókòó síbi tí ẹ dé. Ọmọ yín á ya fọ́tò òkè wá fún yín. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée, kí oògùn tí ó ń fà símú wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, kì í ṣe nínú mọ́tò.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kù. Àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù gígùn, ṣùgbọ́n sísọ̀kalẹ̀ ni ó ń mú ọ̀pọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Orúnkún ti rẹ̀, ebi ń pa ènìyàn, ó fẹ́ tètè délé, òkúta sì tutù, ohun àwọ̀ ewé tí ó hù sí i lára ń yọ̀ bí ilá. Ẹ wọ kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ. Ẹ fi sálúbàtà sílẹ̀ sílé. Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá rọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí fà á ní ọjọ́ yẹn. Ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù wé e, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Bí kò bá lè fi tẹ ilẹ̀ rárá, kí wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀. Bí ejò bá bu ènìyàn ṣán, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má sì fi okùn dè é pinpin. Kí ẹsẹ̀ náà má mira, kí wọ́n gbé ẹni náà sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọsibítù.

Omi yẹn mọ́ lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má mu ún. Bí ẹ ti dúró ní ìpele kìíní, àwọn kan ń wẹ̀ lókè yín. Ẹ gbé omi mímu láti ilé. Níbi tí odò ti ń ṣàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀, tí ìgbín kékeré inú omi lè gbé, ni a ti lè kó àtọ̀sí ajá. Bí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, ẹ mú un wá. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni orúkọ rẹ̀. Níbi tí omi ti ń sáré ni kòkòrò dúdú kékeré tí àwọn kan ń pè ní amùkúrù ń yé sí. Ọ̀sán ni ó ń jẹ ènìyàn, òun ni ó sì ń gbé kòkòrò tí ń fọ́ ojú kiri. Jíjẹ ọjọ́ kan kì í sábà fa àìsàn náà. Àwọn tí ń gbé létí odò fún ọdún pípẹ́ ni ó ń bá jà. Síbẹ̀, ẹ̀wù alápá gígùn àti ṣòkòtò gígùn dára.

Ní àkókò òjò, omi a máa pọ̀, a sì máa dùn ún wò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé ó ṣàdédé dọ̀tí, tí ewé àti igi ń bọ̀ nínú rẹ̀, òjò ti rọ̀ lókè nìyẹn. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde kíá, ẹ má dúró gbé bàtà.

Ìyá kan ní Ìbàdàn béèrè bóyá aboyún lè lọ. Bí oyún kò bá tíì wúwo, tí ara rẹ̀ sì le, kí ó dé ìpele kìíní pẹ̀lú ẹni tí yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí ó bá ti wọ oṣù keje, kí ó jókòó sí ìsàlẹ̀, kí ó máa ṣọ́ oúnjẹ.